Ẹ̀jẹ̀ Kì í Ṣe Àwáwí

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń jáde nínú ìpàdé mọ̀lẹ́bí lẹ́yìn tí a bá ti sin òkú tán, tí a ti dá àga àti ìkòkò oníìkòkò padà, tí ó wá ku ọ̀rọ̀ ilé àti oko tí olóògbé fi sílẹ̀. Ẹnì kan yóò wúkọ́, yóò ní, 'Ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń jẹ́. Ìyàwó kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.' Gbogbo ilé yóò dákẹ́ bí ẹni pé òfin ni a kà sí wọn létí. Ọjọ́ náà ni obìnrin tí ó ti bá ọkọ rẹ̀ ro oko kòkó láti ìgbà ọmọge rẹ̀ yóò mọ̀ pé lójú àwọn tí ó ń pè ní ará ilé, òun kò ju àlejò lọ.

Ní àtijọ́, àṣà nìkan ni àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ fi ń ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. Ní òde òní, wọ́n ti rí ẹlẹ́rìí kejì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé tí ó kàwé yóò gbè wọ́n lẹ́sẹ̀, yóò ní sáyẹ́ǹsì pàápàá ti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ni ohun abẹ̀mí gbogbo ń ràn lọ́wọ́, àti pé bí a ti dá wa nìyẹn. N kò bá sáyẹ́ǹsì jà nínú àròkọ yìí. Mo gbà pé òótọ́ pọ̀ nínú ohun tí àwọn onímọ̀ náà wí. Àwọn tí ń fi í jẹ́rìí èké ni mo bá ní ẹjọ́, nítorí pé wọn kò ka ìṣirò náà dé ìparí, wọn kò sì mọ àṣà tí wọ́n ń fọ́nnu lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí a ti oko bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rìn ní oko Àìsẹ̀gbà-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Gbónyìn, mọ òkìtì ọ̀gán. Bí ọkọ́ bá ṣèèṣì ya òkìtì náà, àwọn ikán tí ó jẹ́ jagunjagun yóò rọ́ sí ẹnu ibi tí ó ya, àwọn òṣìṣẹ́ yóò sì máa fi amọ̀ dí i láti inú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn jagunjagun wọ̀nyí ni kò ní padà wọlé mọ́. Èèrà yóò gbé wọn, tàbí kí amọ̀ tí àwọn ará ilé wọn ń mọ dí wọn mọ́ ìta. Bẹ́ẹ̀ ni ikán tí ń kú báyìí kò bí ọmọ kankan rí, kò sì ní bí. Ọba kan àti ayaba kan, tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ni wọ́n ń bímọ fún gbogbo ilé.

Kòkòrò irú èyí da ọ̀gbẹ́ni Darwin láàmú nígbà tí ó ń kọ ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1859. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó bímọ púpọ̀ ni ìwà rẹ̀ ń tàn ká ayé, báwo ni ìwà ẹni tí kò bímọ rárá, tí ó tún fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lélẹ̀, ṣe wà títí di òní? Darwin fura pé inú ẹbí ni a ó ti rí ìdáhùn náà, ṣùgbọ́n kò ní ìṣirò tí yóò fi yanjú rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ William Hamilton ni ó ṣe ìṣirò náà ní 1964. Ní ọdún kan náà ni John Maynard Smith sọ ọ̀nà yìí ní orúkọ tí a lè pè ní àṣàyàn nípa ìbátan.

Ohun tí Hamilton wí kò ṣòro fún àgbẹ̀ láti yé. Àbùdá tí ó wà nínú ara wa, èyí tí a jogún lọ́wọ́ bàbá àti ìyá, kò sí nínú ara wa nìkan. Ó wà nínú ara ọmọ ìyá wa pẹ̀lú. Bí mo bá kú nítorí àwọn ọmọ ìyá mi, tí wọ́n sì ti ipa bẹ́ẹ̀ yè tí wọ́n bímọ, àbùdá tí ó mú mi ṣe bẹ́ẹ̀ kò bá mi kú. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, nígbà tí esúnsún bá fò jáde láti inú ọ̀gán, tí àwọn ọmọdé ń sáré kó wọn sínú igbá omi, ẹ wò wọ́n dáadáa: àwọn ọmọ ìyá ikán tí ó kú ní ẹnu ihò ni wọ́n. Àwọn ni wọn yóò lọ tẹ ilé mìíràn dó. Ìyẹ́ wọn ni àbùdá jagunjagun náà fi ń fò.

Gbogbo ìbátan kọ́ ni ìwọ̀n rẹ̀ dọ́gba. Òbí sí ọmọ jẹ́ 1/2. Ọmọ ìyá sí ọmọ ìyá, tí bàbá wọn sì jẹ́ ọ̀kan, jẹ́ 1/2. Ọbàkan, tí bàbá pọ̀ wọ́n ṣùgbọ́n tí ìyá yà wọ́n, jẹ́ 1/4. Ọmọ tí àbúrò bàbá mi bí, bí bàbá mi àti àbúrò rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, jẹ́ 1/8 sí mi. Ká ní iṣu ni a fi ń wọn ohun tí a sọnù àti èrè tí a jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye ọmọ tí yóò kẹ́yìn ẹni gan-an ni Hamilton ń kà. Bí mo bá sọ 10 iṣu nù nítorí ọmọ ìyá mi, èrè tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ju 20 lọ kí irú ìwà bẹ́ẹ̀ tó lè tàn ká. Bí ó bá jẹ́ ọbàkan, ó gbọ́dọ̀ ju 40 lọ. Bí ó bá jẹ́ ọmọ àbúrò bàbá, ó gbọ́dọ̀ ju 80.

Àwọn baba wa kò ka ìwé Hamilton, síbẹ̀ wọ́n mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọ ìyá àti ọbàkan. Wọ́n ní okùn ọmọ ìyá yi, wọ́n sì mọ̀ pé nínú agbo ilé olórogún, inú iyàrá ìyá ni ìfẹ́ ti ń kọ́kọ́ gbóná. Onímọ̀ àṣà ará Amẹ́ríkà kan, Marshall Sahlins, kọ ìwé ní 1976 láti tako lílo irú ìṣirò yìí fún ènìyàn. Ó ní ọ̀pọ̀ ẹ̀yà kò tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ fún ìdá kan nínú mẹ́jọ, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ máa fi wọn ìbátan? Àríyànjiyàn yìí kò múná. Ẹyẹ ẹ̀gà kò kọ́ ìwé ìwọ̀n, ó sì ń hun ilé rẹ̀ sórí imọ̀ ọ̀pẹ láìjẹ́ pé ó já. Ohun tí a dá mọ́ni kò nílò kí a lè kà á lẹ́nu. Ṣùgbọ́n Sahlins wí ohun kejì tí ó ṣòro láti já: ó ní kò sí ibi tí orúkọ tí ènìyàn ń pe ìbátan rẹ̀ àti òfin tí ó fi ń bá a gbé ti bá ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ mu rẹ́gí. Èmi gba èyí gbọ́, n ó sì fi ilẹ̀ Yorùbá jẹ́rìí sí i láìpẹ́.

Kí a tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí a bá àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ṣe ìṣirò wọn fún wọn. Ọkùnrin kan kú, ó fi ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ dìde, ó ní ẹ̀jẹ̀ olóògbé ni òun ń jà fún, kí opó kó ẹrù rẹ̀. Ta ni ó ru ẹ̀jẹ̀ olóògbé jù? Àwọn ọmọ mẹ́ta náà ni. 1/2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ sí i. Ọmọ àbúrò, bí ó bá jẹ́ ọmọ ìyá, kò ju 1/4 lọ sí olóògbé. Ọmọ ọbàkan kò ju 1/8 lọ. Ta ni yóò sì bọ́ àwọn ọmọ mẹ́ta náà, tí yóò rán wọn lọ sí ilé ìwé, tí yóò jí ní òru nígbà tí ibà bá ń ṣe wọ́n? Ìyá wọn ni. Ẹni tí ó bá gba oko lọ́wọ́ obìnrin yìí, ẹnu ọmọ olóògbé ni ó ti gba oúnjẹ. Ẹ̀jẹ̀ ni arákùnrin náà ń jà fún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti ara rẹ̀ ni, nítorí ọmọ tirẹ̀ jẹ́ 1/2 sí òun fúnra rẹ̀, ọmọ olóògbé kò sì ju 1/4 lọ sí i. Kí ó sọ bẹ́ẹ̀, kí a gbọ́. Kí ó má fi orúkọ òkú bo ojúkòkòrò rẹ̀.

Ẹnì kan lè bi mí léèrè pé, opó tí kò bímọ ńkọ́? Lóòótọ́, ìṣirò Hamilton kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti fi gbèjà rẹ̀. Ibí gan-an ni a ti ń rí i pé ìṣirò ikán kò tó ṣe òfin fún ènìyàn. Ìmọ̀ yìí ń sọ bí ìfara-ẹni-jìn ṣe bẹ̀rẹ̀ láyé. Kò sọ ibi tí ó gbọ́dọ̀ dúró sí. Ìwà tí ó mú ikán kú fún ilé rẹ̀ náà ni ó ń mú kí ó pa ikán tí ó bá ti ilé mìíràn wá. Bí a bá ní ohun tí a rí lára ẹ̀dá ni kí a máa ṣe, a ó jẹ́ pé ìjàlọ ni a fẹ́ fi jẹ olórí ẹbí.

Ohun mìíràn wà tí àwọn ẹlẹ́jẹ̀ kò mọ̀. Ènìyàn kì í gbọ́ òórùn àbùdá. Báwo ni a ṣe ń mọ ẹni tí í ṣe ọmọ ìyá wa? Ní 2007, Debra Lieberman, John Tooby àti Leda Cosmides gbé ìwádìí jáde lórí ìbéèrè yìí nínú ìwé ìròyìn Nature. Wọ́n rí i pé ohun méjì ni ọkàn ènìyàn ń wò: bóyá a fi ojú wa rí ìyá wa tí ó ń tọ́jú ọmọ ọwọ́ náà, àti iye ọdún tí a fi jọ gbé pọ̀ nígbà èwe. A kò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ọmú tí a rí, àwo tí a jọ jẹ, ẹní tí a jọ sùn, àwọn ni ẹlẹ́rìí tí ọkàn ń gbọ́. Èyí ni pé ìfẹ́ ìbátan ní ojú ilẹ̀kùn, àṣà sì lè gba ojú ilẹ̀kùn náà mú ẹlòmíràn wọlé.

Ohun tí Yorùbá ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Agbo ilé kó ọmọ ìyá, ọbàkan, ọmọ àbúrò bàbá àti ọmọ tí a gbà tọ́ sí ojúlé kan. A kò fún wọn ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni gbogbo wọn. Ẹni tí ó jẹ́ 1/2 sí mi àti ẹni tí ó jẹ́ 1/8 ń jẹ́ orúkọ kan náà lẹ́nu mi. Ọjọ́ orí nìkan ni ó yà wọ́n. Ìyàwó pàápàá, ìgbà tí ó wọlé ọkọ ni a fi ń ka ọjọ́ orí rẹ̀ nínú ilé. A ní ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a wò ó. Igba ènìyàn yẹn kì í ṣe igba ẹ̀jẹ̀. Ẹ tún wo àwọn ọ̀rọ̀ tí a ní fún ìbátan: ẹbí ń sọ nípa bíbí, ará ilé ń sọ nípa ilé. Lóòótọ́, a máa ń pe ọmọ wa ní ẹ̀jẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n 'ẹ̀jẹ̀ nípọn ju omi lọ', tí a fi ń ṣe òwe káàkiri, láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ti tú u.

Bí ẹnì kan bá ní orúkọ lásán ni mo ń tò, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilé ẹjọ́. Suberu Dawodu kú ní Èkó ní 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ẹjọ́ ogún rẹ̀ lọ títí dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti ìjọba àpapọ̀ ní 1958, ó sì dé iwájú ìgbìmọ̀ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962. Ohun tí wọ́n ń jà sí ni bóyá orí-ò-jorí tàbí ìdí-igi ni a ó fi pín in. Ilé ẹjọ́ ní ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, àti pé orí-ò-jorí jẹ́ ọ̀nà tí olórí ẹbí lè gbà láti fi parí ìjà. Ẹ fi ojú ẹ̀jẹ̀ wo ìdájọ́ yìí. Bí bàbá bá ní ìyàwó méjì, tí ọ̀kan bí ọmọ kan, tí èkejì bí márùn-ún, ìdí-igi yóò pín oko sí ọ̀nà méjì ọgbọọgba. Ọmọ kan ṣoṣo yóò gba ìdajì, àwọn márùn-ún yóò pín ìdajì kejì. Bẹ́ẹ̀, 1/2 ni ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ sí bàbá wọn. Ká ní ẹ̀jẹ̀ ni àṣà ń tọ̀, orí-ò-jorí ni ì bá jẹ́ òfin. Ojú ààrò ni àṣà wa kà, kí ilé olórogún má baà tú.

Nísinsìnyí, ẹ wo ìyanu tí ó wà níbẹ̀. Igi tí a ń wí nínú ìdí-igi, ta ni? Ìyàwó ni. Orí rẹ̀ ni a fi ń ka ìpín. Ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ Sogunro-Davies ní 1929, ilé ẹjọ́ ti ní ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tẹ̀lé lábẹ́ àṣà, àti pé nítorí pé opó kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀, kò ní ìpín. Òfin tí ó fi obìnrin ṣe òǹkà ni ó tún ní kí òǹkà náà lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹni tí ó bá lè fi ẹ̀jẹ̀ ṣàlàyé méjèèjì pọ̀, kí ó wá kọ́ mi.

Wọn yóò ní àṣà àwọn baba wa ni pé opó kì í jogún. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Àwọn baba wa kan náà ni wọ́n ní kí a ṣú u lópó, pé kí ọ̀kan nínú àwọn àbúrò ọkọ gbà á, kí ó kọ́lé fún un, kí ó bọ́ òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. N kò ní kí a padà sí ìṣúpó. Kò sí obìnrin tí ó yẹ kí a jogún bí àwo. Ohun tí mo ń wí ni pé àṣà náà ní ẹsẹ̀ méjì: ó gba ohun ìní lọ́wọ́ obìnrin, ó sì gbé ẹrù rẹ̀ lé ẹbí lọ́rùn. Àwọn tòde òní ti gé ẹsẹ̀ kejì dànù, wọ́n gbé ẹsẹ̀ tí ń gba nǹkan sórí, wọ́n ní àṣà ni àwọn ń gbé.

Àti oko náà, ọwọ́ ta ni ó dá a? Ní ìgbèríko Èkìtì gbogbo ènìyàn mọ àáró àti ọ̀wẹ̀. Nínú àáró, mo ro tìrẹ lónìí, o ro tèmi lọ́la. Ẹni tí ó bá jẹ àáró tí kò san án ti di ẹni ẹ̀tẹ́. A kì í béèrè bóyá ẹlẹ́gbẹ́ ẹni jẹ́ 1/2 tàbí 1/8. Robert Trivers, ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ní 1971 pé ọ̀nà yìí náà ni ìfara-ẹni-jìn lè gbà hù láàárín àwọn tí kò bá ara wọn tan, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń ríra lemọ́lemọ́ tí wọ́n sì ń rántí ẹni tí ó jẹ gbèsè. Ìgbéyàwó ni àáró tí ó gùn jù. Obìnrin tí ó gbin kòkó ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, tí ó fọ́ pódi rẹ̀, tí ó sá a, tí ó ru ú lọ sọ́dọ̀ oníkòkó, kò wá tọrọ ogún. Ó wá gba àáró rẹ̀ ni. Ẹbí tí ó lé e lọ ti jẹ àáró láìsan.

Àtakò kan kù tí mo mọ̀ pé ó wà ní ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn: bí a bá fi oko sílẹ̀ fún opó, ṣé kò ní gbé e lọ fún ọkọ mìíràn? Ẹ̀rù yìí ní ìtumọ̀, nítorí ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà tí kò mú ìkà lọ́wọ́. Ilẹ̀ lè jẹ́ ti ẹbí, kí igi kòkó àti èso rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó gbìn ín ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ilé lè jẹ́ ti àwọn ọmọ, kí yàrá ìyá wọn má ṣeé tì. Àwa tí a ti ń fi ilẹ̀ fún àlejò roko tipẹ́tipẹ́, tí a ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí a kò sì lé e kúrò láìnídìí, kí ni ó dé tí a kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀ fún ìyá àwọn ọmọ wa?

Òfin ti ń ṣíwájú wa lọ. Ní 2014, nínú ẹjọ́ Anekwe àti Nweke tí ó wá láti Awka, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Nàìjíríà bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà tí ó fẹ́ lé opó jáde nítorí pé kò bí ọmọkùnrin. Ní 2015, òfin ìjọba àpapọ̀ tí ó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn ka fífi agbára lé ènìyàn kúrò nílé àti fífi ìyà jẹ opó mọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ti ṣe òfin tirẹ̀ lòdì sí ìwà ipá tí ó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ akọ àti abo ní 2011, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019. Ṣùgbọ́n ta ni opó abúlé tí yóò gbé ẹbí ọkọ rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́, tí yóò sì tún bá wọn mu omi kànga kan náà lọ́la? Inú ìpàdé mọ̀lẹ́bí ni ọ̀rọ̀ náà yóò ti tán, bí yóò bá tán.

Nítorí náà, ẹ̀yin olórí ẹbí ni mo ń bá wí, àti ẹ̀yin ọkọ tí ẹ ṣì wà láàyè. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ó kọ ìwé ìhágún kí ọjọ́ tó lọ, kí ó sọ lójú ẹlẹ́rìí oko tí òun àti ìyàwó òun jọ dá. Ẹni tí ó bá jókòó gẹ́gẹ́ bí àgbà ní ọjọ́ ìpín, kí ó kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tí obìnrin náà ṣe kí ó tó béèrè ìran tí ó ti wá. Bí ẹnì kan bá sì wúkọ́, tí ó ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, kí a bi í léèrè bóyá ó gbọ́ òwe náà dé ìparí. Ilé ni a ti kó o lóòótọ́, ọ̀dọ̀ ọmọ ìyá ni a ti kọ́kọ́ kọ́ ìfẹ́. Òde ni òwe náà ní kí a kó o lọ. Obìnrin tí ó ti lo ọgbọ̀n ọdún nínú ilé wa kò tilẹ̀ tíì dé òde.